Lọ́ọ̀dù Ilé Pópó Àgùdà

Pópó Àgùdà, Èkó.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Abíọ́lá ọkọ rẹ, mo kí èyí tó wà níkùn. Ẹ kú ọdún, ẹ kú òtútù. Ara mi le, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu tí mo bá gun àtẹ̀gùn. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. N kò fẹ́ pè. Ohun tí mo bá kọ sílẹ̀, o ò ní lè sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kí o gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ilé ni. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Francis ti kú, ẹbí ò tíì yan olórí. Ọmọ mẹ́ta péré ni bàbá wa bí: Francis, èmi, àti Joaquim tó jẹ́ àbíkẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun, Joaquim pe ìpàdé sí pálọ̀ bàbá wa. Ó jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí láti ìgbà tí Francis ti lọ, ó ní òun ti di olórí ẹbí, òun sì ni lándílọ́ọ̀dù báyìí. Ó ní òun ti rí ẹni tó máa ra ilé. Wọ́n á wó o, wọ́n á kọ́ pílásà alájà mẹ́jọ síbẹ̀, irú èyí tó wà ní Balógun. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó ní kí n fara balẹ̀. Ó fa bébà kan yọ lápò, ó kà á sétí gbogbo wa: "Ẹ kú oríire, Àǹkú wa. Ẹ̀yin ni olórí ẹbí wa, ibi tẹ́ ẹ bá darí wa sí la ó lọ. Èmi ọmọ yín, Fẹ́yìsayọ̀." Ó ní o kọ ọ́ sínú gúrúùpù ẹbí lórí Wọ́sáàpù lópin ọdún, òun kàn ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ni.

Fẹ́yì, ojú tì mí. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ló fi àbúrò mi jẹ olórí lé mi lórí. Mo dìde, mo lọ sí kíṣìnì, mo sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi túká.

Ta ló ní kí o kọ ọ́? Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

Mo tún fẹ́ rán ọ níṣẹ́. Wọ́n ti lẹ ìwé kan mọ́ géètì wa, "lándílọ́ọ̀dù" ni wọ́n pe Joaquim nínú ẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní gẹ̀ẹ́sì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, n kò sì fìgbà kankan bi ara mi pé kí ni lọ́ọ̀dù gan-an. Lọ́ọ̀dù là ń pe Olúwa nínú àdúrà. Adájọ́ ní kóòtù, mi lọ́ọ̀dù ni. Àwọn àgbààgbà kan tó ń ṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́ọ̀dù ni wọ́n. Joaquim náà, lọ́ọ̀dù. Àárín ìwé lo ti ń ṣiṣẹ́. Bá mi wá ìdí ọ̀rọ̀ yẹn, mo fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ní òun jẹ́.

Èmi ìyá rẹ,
Monica.


Leeds.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, ọdún 2025.

Mọ́mì mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bí ikùn yìí ò tilẹ̀ jẹ́ kí n lè kúnlẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ kú ìrora ẹsẹ̀. Ṣé ẹ ń lo oògùn tí mo fi rán ọ̀rẹ́ mi Morufat sí yín, àbí ẹ ti fún ará ilé kan? Dókítà ní ọmọ ń ṣe dáadáa. Oṣù kẹfà ló máa dé.

Ẹ má bínú sí mi, Mọ́mì. Àǹkú Joaquim ló pè mí. Wọ́n ní gbogbo ẹbí ti fẹnu kò, ó ku kí àwa tá a wà lókè òkun kí àwọn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí oríire bá bá àgbà, kí n má fi ìkíni ṣahun. N kò mọ̀ pé wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi: kí ló burú níbẹ̀? Ilé yẹn ti gbó. Òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Àtẹ̀gùn yẹn ló ń pa ẹsẹ̀ yín. Abíọ́lá ti kun yàrá kékeré fún yín ní àwọ̀ ewé, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì tí kò ga. Ta ni mo ní níbí? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí.

Ní ti lọ́ọ̀dù, mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní ilé ìkàwé, ó sì mú mi lọ síbi ìwé atúmọ̀ ńlá kan tó gba odidi pẹpẹ. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni mo fi kà á. Mọ́mì, búrẹ́dì ló wà nídìí ẹ̀. Láyé ijọ́un, hlaf ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe búrẹ́dì, weard sì ni ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan. Wọ́n so méjèèjì pọ̀, ó di ẹni tó ń ṣọ́ búrẹ́dì. Baálé ilé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń rí i pé oúnjẹ ò tán nílé. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ajẹ-búrẹ́dì ni wọ́n ń pè wọ́n. Inú ilé kan náà ni léèdì ti jáde: obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun. Ọgọ́rùn-ún ọdún ń gorí ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹnu àwọn èèyàn sì ń gé ọ̀rọ̀ náà kúrú títí ó fi di lọ́ọ̀dù. Wọ́n fi ń pe ọlọ́lá, wọ́n fi ń pe Ọlọ́run, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ búrẹ́dì nínú ẹ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn bá Àǹkú jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ta ilé, kẹ́ ẹ máa bọ̀.

Ọmọ yín,
Fẹ́yìsayọ̀.


Pópó Àgùdà.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Fẹ́yìsayọ̀,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Bá mi kí ọkọ rẹ fún yàrá tó kùn. Àwọ̀ ewé dára.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ibi ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹnì kan ń ṣọ́ ọ, ẹnì kan ń pò ó, wọ́n pín in síra wọn dáadáa. Ẹni tó ń pò ó tó tún ń ṣọ́ ọ ńkọ́, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn? Ogójì ọdún ni mo ti ń se fùréjọ̀n ilé yìí. Gbogbo Ọjọ́ Ẹtì Rere, èmi ni mò ń lọ ra ẹ̀wà àti àgbọn ní Èbúté Èrò, èmi ni mò ń lọ ẹ̀wà kúnná, tí mò ń fún omi àgbọn sí i, tí mò ń rò ó lórí iná títí apá á fi kú mọ́ mi lára. Gbogbo ẹbí wa tó wà káàkiri Èkó, ìkòkò yẹn ni wọ́n ń wá bá. Mò ń bu ti àwọn ayálégbé, mò ń bu ti ará ilé kejì, títí kan Haleem tó ń ta bàtà nísàlẹ̀ ilé wa. Mùsùlùmí ni, kì í jẹ́ kí tirẹ̀ tutù. Kí ni Joaquim ti ṣọ́ rí? Bí àwọn òyìnbó ṣe gé búrẹ́dì kúrò lára ọ̀rọ̀ wọn lòun náà ṣe gé e. Orúkọ nìkan ló mú.

Ó dáa, mo ti rẹ́rìn-ín tán. Ta ló sọ fún ọ pé ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ jẹ olórí ẹbí? Ní Èkó níbí, tí bàbá tó ni ilé bá kú, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ìyẹn Dáwódù, ló kàn. Tí Dáwódù náà bá kú, ọmọ bàbá tó bá dàgbà jù nínú àwọn tó kù ni, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Ìyá Henrietta, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, jẹ ẹ́ fún ọdún mọ́kànlá nílé bàbá tiwọn, àwọn ọkùnrin ń jókòó yí i ká. Mo lọ bi lọ́yà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún ní ilé ẹbí tí olórí ò bá fọwọ́ sí títà rẹ̀, títà yẹn ò múlẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́ta ju Joaquim lọ. Èmi ni mo kàn. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbé kiri tó fi ń sọ pé òun ni, bébà tí o kọ ni.

Òrùlé ń jò, mo mọ̀. Ènìyàn mọ́kànlélógún ló ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa kí n tó bí ọ. Tí wọ́n bá wó o, níbo ni kí wọ́n gbà?

Joaquim ní ilé òun ní Lẹ́kí ni a ó ti jẹ fùréjọ̀n ọdún yìí. Èmi á sè é níbí, ká wo ibi tí ẹbí máa yà sí. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni kí o padà sínú gúrúùpù yẹn, kó o kọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn pé o ṣe àṣìṣe. Má pè mí láti bẹ̀ mí. Kọ ọ́.

Ìyá rẹ.


Pópó Àgùdà.
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Fẹ́yì,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé. N kò rí lẹ́tà, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan nínú gúrúùpù. Láràárọ̀ ni Haleem ń bá mi wò ó lórí fóònù mi, torí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àwọn tó fẹ́ ra ilé wá wọn ilẹ̀ lánàá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri lábẹ́ fèrèsé mi. Tí ara rẹ ò bá yá, sọ fún mi. Tó bá jẹ́ ti Joaquim lò ń ṣe, sọ ìyẹn náà fún mi. N kò ní torí ẹ dúró. Mo ti ra ẹ̀wà sílẹ̀.

Ìyá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Mọ́mì,

Ara mi yá. Ojú ló ń tì mí.

Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí. N kò sọ gbogbo òótọ́ fún yín. Kì í ṣe pé Àǹkú kàn ní kí n kí àwọn. Wọ́n ní tí ilé bá ti tà, ẹ ò ní ibi tẹ́ ẹ máa padà sí mọ́, ẹ máa bá mi gbé níbí pátápátá. Wọ́n mọ ibi tó ń dùn mí. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó kí n tó kọ nǹkan tí mo kọ yẹn. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, Mọ́mì. Mo gbà kí wọ́n ta ilé mọ́ yín lórí torí kẹ́ ẹ lè wà lọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí lẹ́tà yín dé, mo kà á débi ènìyàn mọ́kànlélógún, mo sì gbé e sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí gúrúùpù yẹn, tí màá tún pa á dé. Abíọ́lá ló bi mí níjẹta pé tí ọmọ wa bá ṣe irú ẹ̀ sí mi lọ́jọ́ kan ńkọ́. Àná ni mo kọ ọ́. Ẹ ka ohun tí mo kọ fúnra yín: "Ẹ̀yin ẹbí mi, lópin ọdún tó kọjá mo kí Àǹkú Joaquim ní olórí ẹbí wa. N kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́mì mi ni ọmọ Bàbá Àgbà tó dàgbà jù nínú àwọn tó wà láyé. Àǹfààní ara mi ni mo wò tí mo fi kọ ti àkọ́kọ́. Ẹ foríjì mí."

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí Àǹkú fi pè. Wọ́n ní n kò mọ ẹni tó ń ṣe mí lóore. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ tán, mo ní ẹ ṣé, sà. Lẹ́yìn náà ni Ọlátúndé, ọmọ Àǹkú Francis, pè. Ó ní òun ò mọ̀ pé obìnrin lè jẹ ẹ́, òun máa lọ rò ó.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Tẹ́ ẹ bá borí, ṣé ẹ ṣì máa wá ní oṣù kẹfà?

Fẹ́yìsayọ̀.


Pópó Àgùdà.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Fẹ́yì mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Mi ò tíì ka lẹ́tà rẹ dé ìdajì tí mo ti dárí jì ọ́, torí náà má gbé e kiri mọ́. O jẹ́wọ́ níṣojú gbogbo ẹbí. Mo mọ àgbàlagbà tí kò lè ṣe é.

Jẹ́ kí n ròyìn fún ọ. Ìdájí Ọjọ́ Ẹtì Rere ni mo ti dáná, ìkòkò mẹ́ta. Mo lọ sí ìsìn aago mẹ́ta, mo padà dé, mo to àwo sórí tábìlì gígùn nínú pálọ̀. Aago márùn-ún lù, kò sẹ́ni tó wá àfi àwọn ayálégbé. Haleem ń wò mí. Mò ń to ẹja díndín sí ẹ̀gbẹ́ àwo bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe mí. Ó kọjá márùn-ún ààbọ̀ kí n tó gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé ní géètì. Ọlátúndé ni, òun àti ìyàwó rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Lẹ́kí ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ó ní àwọn alásè ló gbé fùréjọ̀n wá fún Joaquim, wọ́n bù ú sínú ike kéékèèké, Joaquim sì fi ìwé títà ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike kọ̀ọ̀kan kí kálukú fọwọ́ sí i. Ó ní òun ò lè jẹ ẹ́.

Joaquim tẹ̀lé wọn dé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń béèrè pé kí ni mo rò pé mò ń ṣe. N kò bá a pariwo. Mo ní kó jókòó, mo bu tirẹ̀ fún un, mo wá bi í níṣojú gbogbo wọn:

"Joaquim, èmi àti ìwọ, ta lẹ̀gbọ́n?"

Ó ní ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀. Mo tún bi í. Ó wolẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Sístà."

"Ọmọ bàbá wa kan wà láyé tó jù mí lọ?"

"Kò sí."

Ọlátúndé ní ó tán, àwọn ọmọ Francis gbà pé èmi ni olórí ẹbí. Àmọ́ Joaquim kò tíì ṣe tán. Ó ní gbogbo wọn ló mọ̀ pé mo ti ń di ẹrù, pé ọmọ mi ti kun yàrá sílẹ̀ dè mí ní Leeds. Ó ní olórí ẹbí wo ló ń gbé ìlú òyìnbó, tí mo bá lọ ní oṣù kẹfà, ta ló máa dúró tí ilé? Fẹ́yì, gbogbo ojú wà lára mi. Àwọn ayálégbé náà ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní n kò lọ síbì kankan.

Mo ti sọ ọ́ jáde kí n tó rántí rẹ. N kò lè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ mọ́, n kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá wọ bàálù ní oṣù kẹfà, wọ́n á ti wó ògiri kí n tó padà. Lọ́yà ti kọ̀wé sí àwọn tó fẹ́ ra ilé pé n kò fọwọ́ sí i, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń pààrà géètì. Haleem ti fi ọ̀dà funfun kun àmì pupa wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní lándíléèdì. Mo ní lándílọ́ọ̀dù ni kó máa pè mí, mo ti mọ iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti Ọlátúndé máa bẹ̀rẹ̀ òrùlé.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyí: n kò ní wá. Mo sunkún kí n tó kọ ọ́. Bínú sí mi bó o bá ṣe fẹ́, àmọ́ fèsì.

Ìyá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Mọ́mì,

Mo bínú. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi bínú, mo sì ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn pa. Lánàá mo ṣí i, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Mo rò ó pé tẹ́ ẹ bá wá, tí ọkàn yín wà lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn yẹn, n kò rí yín náà nìyẹn. Ẹ dúró. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ní kò pọn dandan kí n máa wẹ ọmọ lójoojúmọ́, kí n kàn máa fi òwú nù ún. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ bí ẹ ṣe wẹ̀ mí sílẹ̀ fún mi, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ má fo nǹkan kan. Màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri balùwẹ̀.

Fẹ́yì yín.


Pópó Àgùdà.
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Ọmọ mi,

Kọ́kọ́ pa fèrèsé dé. Fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò, má fi ìka, ìka máa ń parọ́. Kó gbogbo nǹkan tó o máa lò sí tòsí, aṣọ ìnura, ọṣẹ, òróró, torí tó o bá ti gbé ọmọ, o ò gbọ́dọ̀ dìde mọ́. Jókòó sórí àpótí kúkúrú, na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kí o pa wọ́n pọ̀, kí o wá tẹ́ ẹ sórí wọn.

Orí ni kó o kọ́kọ́ fọ̀, kó o nù ún gbẹ kíá. Lẹ́yìn náà, ọrùn. Wàrà máa ń sá pamọ́ sínú ìpele ọrùn, tú u wò. Abẹ́ apá, ẹ̀yìn etí, àtẹ́lẹwọ́ tó máa ń dì pọ̀. Tí ìdodo ò bá tíì já, má jẹ́ kí omi dúró síbẹ̀. Dojú rẹ̀ dé sórí apá rẹ, kó o da omi sí i lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Tó o bá nù ún tán, fi òróró pa á, fa apá rẹ̀ méjèèjì kọjá àyà, jẹ́jẹ́. Àwọn ìyá wa máa ń ju ọmọ sókè. Mo ṣe é fún ọ lẹ́ẹ̀kan, àyà mi já, mi ò ṣe é mọ́. Ìwọ má ṣe é rárá.

Ó máa ké. Má torí ẹkún dá dúró, máa ṣe é lọ ni. Lọ́jọ́ kìíní ọwọ́ rẹ á máa gbọ̀n. Tèmi náà gbọ̀n, àmọ́ ìyá mi dúró tì mí, ó ń sọ̀rọ̀. Èmi ò ní sí níbẹ̀, mo mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ. Torí náà, ìwọ ni kó o máa sọ̀rọ̀. Máa pè é lórúkọ bó o ṣe ń wẹ̀ ẹ́, kó lè mọ ohùn rẹ. Fi ọwọ́ òsì di orí rẹ̀ mú dáadáa. Kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ìyá rẹ,
Monica.